Ọmọ wa kò sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí a lọ sí Yábàá: ta ni ó ti lọ rí?

Ìyá Àdùnní
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́rin, kò sì tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá já ọ̀rá bísíkíìtì ní yàrá kejì, kíá ni yóò ti dé ibẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé fún wa ní ìwé pé kí a lọ rí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé, ó sì dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá. Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ni ilé kò ti fararọ mọ́. Wọ́n ní kò sí wèrè nínú ìdílé àwọn. Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ lọ rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ níbẹ̀? Ṣé àárín àwọn àgbàlagbà tí orí wọn dàrú ni ọmọ yóò jókòó sí? Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì
Ẹ gbé e lọ. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn nílé.

Arábìnrin Ìsọlọ̀
Ìyá Àdùnní, Òṣòdì ni ẹ ó lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ni ó ni ín, ṣùgbọ́n Òṣòdì ni ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà, nítorí náà ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà. Èmi gbé ọmọbìnrin mi lọ nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gún un lábẹ́rẹ́. Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀ débi pé ọkọ mi ń làágùn: ṣé ó ké nígbà tí a bí i, ṣé ibà pọ́njú mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà wo ni ó jókòó, ìgbà wo ni ó rìn, ṣé gìrì ti mú un rí, ta ni ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ nínú ìdílé bàbá àti ti ìyá. Bí a ti ń dáhùn ni dókítà ń wo ọmọ náà lórí ẹní. Wọ́n da ìdérí ìgò síwájú rẹ̀, ó sì tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ láti ẹsẹ̀ àga dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí dókítà yọ ọ̀kan kúrò láàrin, ó figbe ta, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó sì fi ọwọ́ náà tọ́ka sí àyè tí ó ṣófo láìwo ojú mi rárá. Kíákíá ni dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ń lò, kì í na ìka tirẹ̀ sí ohun tí ó fẹ́. Síbẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé ótísìm ni, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàgbà yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ènìyàn ṣe fi ṣòro fún un, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n Ṣakí
Kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò. Àbúrò mi kan kò sọ̀rọ̀ títí ìyá àgbà kan fi gé okùn ahọ́n rẹ̀, láti ìgbà náà ni a kò sì ti lè pa á lẹ́nu mọ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn lọ sí ẹnu abẹ. Okùn ahọ́n lè dí ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ láti mu ọmú dáadáa, ó sì lè mú kí ìró kan má já gaara, ṣùgbọ́n kò lè ní kí ọmọ má dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ahọ́n nìkan ń dà láàmú yóò fi ojú àti ọwọ́ bá yín sọ̀rọ̀ títí yóò fi sú yín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣakí
Èmi kò sọ pé gbogbo ọmọ ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.

Ìyá Tóbi
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ọkàn mi kò sì gbà mí láti dákẹ́. Tóbi mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í sùn lóru. Yóò máa sáré láti ògiri dé ògiri, yóò sì máa gé ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Wòlíì kan ní emèrè ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá ṣeré lóru, kí a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fún ààwẹ̀ àti àdúrà. Bàbá rẹ̀ gbà. Nígbà tí mo lọ wò ó, mo bá àpá okùn ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ní kí ó má baà sá jáde sí títì ni. Mo pọn ọmọ mi, bí ó ti tóbi tó, mo sì jáde. Ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fi àwòrán hàn án pé ìwẹ̀ ló kàn, pé oúnjẹ ló kàn, pé oorun ló kàn, kí ohunkóhun má baà bá a lójijì. Ìgbà tí èyí nìkan kò ran ọwọ́ jíjẹ náà ni wọ́n tó fi oògùn risperidone kún un, ìwọ̀n kékeré kan tí mo ń fi síríńjì fà láti inú ìgò sí i lẹ́nu. A bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nílé wa. Kò tíì sọ̀rọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti jinná.

Àdùkẹ́ Ọ̀tà
Níbi okùn yẹn ni omi ti bọ́ lójú mi.

Ajíhìnrere Fẹ́mi
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó ń de ọmọ mọ́lẹ̀. Ní ìjọ tiwa, olùṣọ́-àgùntàn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ pé kí ìyá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí àwa sì máa gbàdúrà.

Àdùkẹ́ Ọ̀tà
Ta ni ó dárúkọ ìjọ yín?

Bọ̀dá Mókólá
Ìyá Tóbi, ẹ kú ìrọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ṣé oògùn tí wọ́n ń fún àwọn àgbà tí orí wọn dàrú kọ́ ni ẹ dárúkọ yẹn? Mo mọ ọmọ kan ní àdúgbò wa tí wọ́n ń fún ní irú rẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí oògùn bá kun ọmọ lóorun títí ó fi dákẹ́, èmi kò lè pè é ní ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Òun náà ni, Bọ̀dá, ìwọ̀n rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Láti ọdún 2006 ni àjọ tí ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 5 sí 16 tí ó ní ótísìm, tí ìbínú rẹ̀ kọjá ààlà tàbí tí ó ń pa ara rẹ̀ lára. Aripiprazole, oògùn mìíràn tí ó jọ ọ́, tẹ̀ lé e ní 2009. Kò sí èyí tí ó ń la ohùn ọmọ nínú méjèèjì, kò sì sí oògùn tí ó ń wo ótísìm fúnra rẹ̀ sàn. Ẹni tí ó bá ta irú rẹ̀ fún yín, jìbìtì ni ó lù yín. Ní ti ọmọ àdúgbò yín, ọrùn tí ó bá wọ́ báyẹn jẹ́ àmì pé oògùn náà kò bá a lára mu tàbí pé ó ti pọ̀ jù, ọjọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n ti gbé e padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́.

Bọ̀dá Mókólá
Mo gbọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ìyá Ayọ̀, Peckham
Ẹ má rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn tó bí ẹ ti ń gbọ́. A dúró lórí ìlà ju ọdún kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ Ayọ̀ wò. Ohun tí ó dára níbí ni ìwé tí wọ́n ń pè ní EHCP, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ nípa ohun tí ọmọ nílò ní ilé-ìwé. Òfin ní kí wọ́n parí rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 20 láti ọjọ́ tí a bá ti béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà nínú ìwé náà pé ọmọ nílò olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì, kò sí òbí tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Arábìnrin Ìsọlọ̀
Ẹ̀yin ń ráhùn ìlà, àwa ń ráhùn owó. Ilé-ìwé aládàáni tí a kọ́kọ́ fi ọmọ sí ní kí a wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í, kí a máa san owó oṣù onítọ̀hún, kí a sì san owó ilé-ìwé pé. Nígbà tí a san gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní àwọn òbí yòókù ń kùn.

Bàbá Ìbejì
Kí ni ti ibà pọ́njú tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín? Ṣé òun ni ó ń fa ótísìm ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Rárá. Ibà pọ́njú tí ó bá le lára ọmọ tuntun lè ba etí rẹ̀ jẹ́, ó sì lè sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di èyí tí kò ṣe é lò dáadáa. Ọmọ tí kò dáhùn lè jẹ́ ọmọ tí kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀: àwọn tí G6PD, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ní ilẹ̀ wa, káńfọ̀ sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Ṣakí
Inú káńfọ̀ ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Èwo ni kò gbọ́ràn nínú wa?

Àdùkẹ́ Ọ̀tà
Ẹ̀yin fúnra yín, Ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Kémta
Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yìí kò yẹ kí a fò ó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, èébú sì ni orúkọ Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìlú wa, jẹ́ lẹ́nu wa ní kékeré. Bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú kan ní 1954, tí wọ́n ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n lè gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì sùn láàrin ènìyàn lálẹ́. Àwọn ẹbí wà nínú ìtọ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀rù tí ń ba ìyá àgbà, n kò bá wọn wí: òfin wèrè ti 1958 ni a ń lò títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ẹ mú wọn dání lọ. Ìyá tèmi bá wa lọ nígbà tí ó kan ọmọ wa, wọ́n bá dókítà jà díẹ̀, kí ó tó di pé àwọn fúnra wọn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa àbúrò bàbá mi kan tí kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Àdùnní
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá wa. N ó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ kí ó bá wọn sọ ọ́. Kí ni kí a mú dání?

Arábìnrin Ìsọlọ̀
Ẹ mú ìwé tí dókítà kọ àti káàdì àjẹsára, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò bí ó ti ń ṣe nílé, nítorí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí ó sọ yín di òpùrọ́. Ẹ gbé oúnjẹ tí ó máa ń jẹ dání. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Kórede
Ìyá Tóbi, oògùn kan náà ni Kórede ń lò, ṣùgbọ́n kì í yó mọ́, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Báwo ni ẹ ti ṣe é?

Ìyá Tóbi
Ẹ sọ fún wọn kíá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tiwa dín ìwọ̀n oògùn náà kù díẹ̀. Mo fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, àmọ́ ó ti mọ ibi tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.