Òróró ewé ọsàn (petitgrain): màmá mi fẹ́ mu ún bí àgbo, ẹ gbà mí o

Aránṣọ_Adó

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló fi ìgò kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, 10 ml, wọ́n kọ petitgrain sí i lára. Ó ní òróró ewé ọsàn ni, pé kí n máa fi sùn, torí ó mọ̀ pé látìgbà tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí ọdún ti dé yìí oorun ò kùn mí mọ́, mo máa dùbúlẹ̀ lásán ni, ojú mi á là kedere títí àkùkọ á fi kọ. Mo ṣí i wò, òórùn ẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an, kì í ṣe ti ọsàn tí a ń bó jẹ o, ó dà bí ìgbà tèèyàn bá fọwọ́ rún ewé ọsàn pọ̀ mọ́ ẹ̀ka ẹ̀ tútù, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹní korò nímú, tó bá yá á wá máa ta sánsán bí òdòdó.

Màmá mi tó wá kí mi láti Ìjerò wá gbọ́ pé ewé ọsàn ni. Wọ́n ní ṣebí ewé ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú àgbo ibà tí àwọn fi tọ́ wa dàgbà, kí n bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ gbígbóná fáwọn torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bèèrè ná. Ṣé ó ṣe é mu? Ṣé ó ṣe é fi para? Tí mo bá se ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà? Ọmọ ọdún méjì wà nílé o.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ṣíbí yẹn lọ́wọ́ màmá! Ewé tó kún inú àgbá ńlá ló ń di òróró díẹ̀ yẹn, tí èèyàn bá mu ṣíbí kan ẹ̀, àgbo kọ́ ló mu.

Mo ń fi í sínú ọṣẹ, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Igi ọsàn kíkorò kan náà ló ń fún wa ní òróró mẹ́ta: òdòdó ẹ̀ ni neroli tó wọ́n bí ojú, èèpo èso ẹ̀ ni wọ́n ń fún ṣe bitter orange, ewé àti ẹ̀ka ẹ̀ tútù ni petitgrain. Hóró kékeré ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè Faransé, torí láyé àtijọ́ èso wẹ́wẹ́ tí ò tíì gbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Paraguay ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá.

Ewé inú àgbá yẹn, ooru omi ni wọ́n ń jẹ́ kó gba àárín ẹ̀ kọjá, ooru yẹn á gbé òróró dání, á wọ páìpù tí omi tútù yí ká, ibẹ̀ lá ti padà di omi, òróró á wá léfòó sórí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń se ewé ọsàn nílé tí gbogbo ilé ń ta sánsán, òróró yẹn náà ló ń bá ooru sá lọ lábẹ́ ọmọrí. Èyí tó kù nínú ìkòkò, àgbo ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tó wà nínú ìgò yín. Yàtọ̀ síyẹn, ewé ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé ọsàn kíkorò ò gbóòórùn bákan náà.

Èròjà olóòórùn méjì tí wọ́n ń pè ní linalyl acetate àti linalool ló pọ̀ jù nínú petitgrain, àwọn méjì yẹn náà ló pọ̀ nínú òróró òdòdó lavender, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi í wá oorun.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Mo fara mọ́ ti Ọlọ́ṣẹ. Aránṣọ, ẹ bá mi bẹ màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún wọn ni kí wọ́n máa lò, òróró yìí ò lè rọ́pò ẹ̀. Imú ni ká fi gbà á. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Spain, òṣìṣẹ́ yunifásítì 42 ni, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn máa gbóòórùn petitgrain nídìí kọ̀ǹpútà, ara àwọn yẹn balẹ̀, wọ́n sì tètè parí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ju àwọn yòókù lọ. Èèyàn 42 kéré o, ẹ má sọ pé mo ní ó ń wo àìsàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi para, ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú ṣíbí tíì adín àgbọn kan, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ inú apá wò títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má kàn án sómi ìwẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lásán, kì í pò mọ́ omi, orí omi lá wà, á wá lọ lẹ̀ mọ́ ara níbì kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún méjì yẹn, ẹ má fi pa á lára rárá, kẹ́ ẹ gbé ìgò náà síbi tọ́wọ́ ẹ̀ ò tó. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ikọ́ fée tàbí tó lóyún, ẹ bèèrè nílé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó lò ó.

Òróró èèpo ọsàn kíkorò tí wọ́n fún tútù lè jẹ́ kí oòrùn jó awọ ara èèyàn, ti ewé tí wọ́n fi ooru omi ṣe kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Olóko_Ọ̀yẹ́

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Mo gbé tèmi sójú fèrèsé lọ́dún kan, mi ò dé e dáadáa, afẹ́fẹ́ sì wọ inú ẹ̀ fóṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí mo padà fi í sádín tí mo fi pa ọrùn, ara mi lé wúruwùru, ó ń yún mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Linalool tí afẹ́fẹ́ bá ti bà jẹ́ máa ń bá awọ ara jà. Ìgò dúdú ni kẹ́ ẹ fi í sí, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ má sì dà á sínú ike.

Aránṣọ_Adó

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì sétí màmá látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé báwọn ò ṣe ní mu ún, ṣé àwọn lè gbóòórùn ẹ̀? Mo kán ẹ̀kán méjì sórí ańkáṣíìfù, mo fi há ibi orí bẹ́ẹ̀dì wa, mo gbé ọmọ lọ sùn ní yàrá kejì. Màmá ló kọ́kọ́ sùn. Mi ò lè sọ pé òróró ni àbí àárẹ̀ ọ̀nà Ìjerò, àmọ́ èmi náà ò gbọ́ nígbà tí àkùkọ kọ lánàá.