Èmi ni mo ka ìgò oògùn fún Bàbá Kékeré

Olùkọ́ Ìjùmú:

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kún o. Ẹnì kan sọ níbí lánàá pé àìmọ̀wé ló ń da àwọn àgbẹ̀ wa láàmú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí ohun kan wà tí mo ti pa mọ́ra láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó sọ ọ́ sísàlẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni mò ń pè ní Bàbá Kékeré. Kò dé ilé ìwé rí. Lọ́dún náà ó gbin àgbàdo, àgbàdo náà ti dé orúnkún, koríko sì fẹ́ bò ó. Ó lọ ra oògùn koríko lọ́jà, ó gbé ìgò náà wá bá mi nílé lálẹ́, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo kà á sókè ketekete. Mo ka orúkọ oògùn náà, glyphosate. Mo ka "non-selective". Mo ka iye omi tí wọ́n máa pò ó mọ́. Ó bi mí pé, "Kò ní pa àgbàdo?" Mo ní, "Bàbá, oògùn koríko ni wọ́n pè é." Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn o. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó fín oko náà títí oògùn fi tán.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo débẹ̀, koríko ti ń pọ́n, àgbàdo náà ń pọ́n. Èmi ní òjò tí kò rọ̀ ló fà á. Kò dá mi lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ewé àárín àgbàdo kan mú, ó fà á díẹ̀, ewé náà sì yọ wọ́ọ́rọ́. Ó wo ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Òùngbẹ kọ́. Kòkòrò kọ́. Ohun tí a fín ni." Ó wá mú mi dé ìpẹ̀kun oko, níbi tí oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Poro tó fín gbẹ̀yìn ti pọ́n, èyí tó tẹ̀lé e tutù yọ̀yọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sáàárín méjèèjì. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Non-selective" tí mo kà yẹn, ohun tó ń sọ ni pé oògùn náà kì í ṣẹ̀ṣà. Ewé tútù yòówù tó bá bà, yóò gba ara ewé wọlé dé gbòǹgbò, yóò pa á. Irú èyí tí àgbàdo lè fara dà, bí atrazine, wà lọ́jà kan náà nígbà náà. Gbogbo rẹ̀ ló wà lára ìgò. Ẹnu mi kà á, òye mi kò kà á. Bàbá tí kò mọ lẹ́tà kan ló ka oko náà bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n ṣe ń ka ìgò. Ojú pátákó la ti ń yà á o. N kò jẹ́ kí ọmọ kankan gbé òfìfo ìgò oògùn wá, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi irú rẹ̀ pọn omi mímu. Bàbá Kékeré náà kọ́ ìlà àwọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò: pupa ló léwu jù, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló kéré jù. Ìrọ̀lẹ́ kan ló fi mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé, "Ewu ta ni àwọ̀ yìí ń sọ, tèmi àbí ti àgbàdo?" Ti èèyàn ni. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Ọmọ Ìyá Onígààrí, Kàbà:

Ẹ kú ìrírí, Olùkọ́. Àwọ̀ ni ìyá mi fi ń mọ owó, kì í ṣì í. Nígbà tí owó tuntun jáde ní December 2022, ẹgbẹ̀rún kan di búlúù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di àwọ̀ ewé. Ó fún oníbàárà ní ṣéńjì, ó fa ẹgbẹ̀rún tuntun yọ bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtijọ́. Ọlọ́run ló ní kí ẹni náà dá a padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a jókòó ti àtùpà, mo fi ìka rẹ̀ sórí nọ́ńbà. Òdo ló pè ní ẹyin. 5 ló pè ní ìwọ̀ ẹja. Ìwọ̀ àti ẹyin méjì ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọ̀pá àti ẹyin mẹ́ta ni ẹgbẹ̀rún. Kí wọ́n pa gbogbo àwọ̀ rẹ́ báyìí, kò kàn án mọ́.

Ará Yàgbà:

Ti ìyá mi àgbà ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí Tommy Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere ti ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908 ni ìwé Yorùbá ti ń wọ ilé wa. Ìyá àgbà ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ láti kà á. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò gbọ́. Ní báńkì kan, akọ̀wé ibẹ̀ wo gèlè rẹ̀, kò bi í léèrè ohunkóhun, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún títí a fi délé.

Nígbà tí a tún lọ, mo ní kí wọ́n fún un ní bírò. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, ó fi àmì sórí, ó fi sísàlẹ̀, kò fo ọ̀kan. Akọ̀wé náà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó ní orúkọ yìí kò jọ èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn, pé kí ni gbogbo àmì wọ̀nyí.

Ìyá àgbà fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un, àmì kọ̀ọ̀kan.