Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún kan: ibi tí ọ̀rọ̀ mi já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ yín bí èèyàn ṣe lè máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojúmọ́ sílẹ̀ kó má sú u, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo pa á tì. Ẹnì kan ní kí n má kọ ju ìlà mẹ́ta lọ, kí n ṣáà kọ déètì sí i. Ìmọ̀ràn yẹn ló ṣiṣẹ́ fún mi.

Lánàá, mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, mo kà á tán. Oṣù Ẹrẹ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Àmọ́ ojú ìwé kan wà nínú oṣù Ògún tí mi ò lè ṣí kọjá. Alẹ́ tí wọ́n tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, iná ọdún Ọ̀ṣun, láàfin ni. Epo ta sí etí ìwé náà, ọwọ́ tí mo fi jẹ àkàrà ni mo fi kọ ọ́: “Màámi di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́.” Mo ti gbàgbé pátápátá. Omi bọ́ lójú mi.

Mo wá kà á: ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ ọ́ pé n ó lọ kí wọn n'Íkìrun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo lọ, bẹ́ẹ̀ Ìkìrun ò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Ó dùn mí gan-an.

Mo ti ra ìwé tuntun l'Ọ́jà Ọba. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé e dání lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ parí síbí.