Èéfín ń pa wá lójú nínú ilé ìdáná: ṣé igi ni àbí ààrò?

Ìbéèrè, láti Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti ìgbà tí owó gáàsì ti ju agbára wa lọ ni mo ti ń fi igi dáná lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, nínú ilé ìdáná onípáànù tí kò ní ju fèrèsé kékeré kan lọ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èéfín a kún ibẹ̀ débi pé ìyá ọkọ mi, tó fẹ́ràn láti máa jókòó tì mí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú àwọn ọmọ á sì máa ṣomi. Igi kò wọ́n wa níbí, ṣùgbọ́n ìdì tó yẹ kó se oúnjẹ ọjọ́ méjì kì í kọjá ọjọ́ kan. Ṣé irú igi tí mò ń rà ni kò dára, àbí kí n pa ààrò yìí tì kí n lọ ra onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà?

Ìyá olóúnjẹ, Ìṣẹ́yìn

O kú ìnira, àbúrò mi. Kí o tó náwó lórí ààrò, wo igi rẹ ná. Nínú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kí ooru tó kan ìkòkò. Igi tí kò jó tán ló pọ̀ jù nínú èéfín tó ń yọ yín lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ìdì rẹ fi ń tètè tán.

Igi ayìn ni èmi ń rà, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí ó lè gbẹ kí òjò tó dé. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n là á sí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, nítorí èèpo igi tí a kò là máa ń sé omi mọ́ inú rẹ̀. A ó tò ó sórí igi ìdábùú méjì kí ó má fara kan ilẹ̀, a ó bo orí rẹ̀ nìkan, a ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àwọn tó ń fi tapólì wé e látòkè délẹ̀ ń dí ọ̀nà tí omi ìbá gbà jáde ni. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, gbá méjì mọ́ ara wọn: gbígbẹ a dún ketekete, tútù kì í dún já gaara. Igi àràbà àti irú rẹ̀ fúyẹ́, kì í fi ẹyin iná gidi sílẹ̀, nítorí náà fi í ko iná nìkan. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi òrí wá tà fún ọ. Owó ọdọọdún ni igi yẹn jẹ́ fún àwọn obìnrin agbègbè yín.

Ará Ọ̀yọ́ kan

Ohun tí mo mọ̀ ni pé igi tó ṣì tutù díẹ̀ máa ń pẹ́ nínú iná ju gbígbẹ lọ. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe èrè?

Ìyá olóúnjẹ, Ìṣẹ́yìn

Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò náà ń pẹ́ kó tó hó.

Oníwẹ́dà, Ìbàdàn

Màmá ti sọ ti igi dáadáa. Ààrò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lórí òkúta mẹ́ta, atẹ́gùn ń gbé ooru lọ láti ìhà gbogbo, afẹ́fẹ́ kì í sì í rí abẹ́ igi wọ̀. Larry Winiarski, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà ààrò tí wọ́n ń pè ní rọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ní ibùdó ìwádìí Aprovecho ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ẹnu rẹ̀ kéré, ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 níbùú àti lóròó fún ìkòkò ìdílé; igi dùbúlẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ kan ní ẹnu náà, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ irin náà wọlé, ọwọ́ iná sì ń gba inú ihò tóóró kan gòkè lọ bá ìdí ìkòkò. Inú ihò yẹn gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín fúnra rẹ̀ fi ń gbiná. Ẹ lè fi amọ̀ mọ ihò náà, kí ẹ gbé e sínú agolo ńlá, kí ẹ sì fi eérú gbígbẹ kún àárín wọn, nítorí eérú kì í jẹ́ kí ooru sá. Onírin ọjà tí kò ní nǹkan kan láàárín máa ń gbóná sí ẹni tó ń dáná ju sí ìkòkò lọ, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti rà á.

Orí igi nìkan ni kó máa jó, kí ẹ máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ki igi dí ẹnu rẹ̀ pa, èéfín yóò padà wá.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú kéré ikọ́ Màmá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé ló fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì wà lára wọn. Títí ẹ ó fi tún ààrò ṣe, ẹ jẹ́ kí Màmá àti àwọn ọmọ jókòó síta, ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá ko iná, ẹ má sì da kẹrosín-ìn sórí iná tó ti ń jó. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé ẹyin iná wọ yàrá láti yá a sùn: kò rú èéfín mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ń jáde lára rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Amọ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, a ó mọ ọ́n. Ó ku ti òrùlé: bí mo bá dá a lu fún èéfín, ṣé òjò kò ní máa rọ̀ sínú ọbẹ̀ ni?

Oníwẹ́dà, Ìbàdàn

Kò ní rọ̀ sí i. Ẹ ní kí káfíńtà ṣí páànù ní góńgó òrùlé, kí ó fi igi kéékèèké gbé páànù mìíràn sókè lórí ihò náà, kí ó fẹ̀ ju ihò lọ ní ìhà méjèèjì. Kí ẹ tún lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, nítorí èéfín kò lè jáde lókè bí afẹ́fẹ́ tútù kò bá wọlé nísàlẹ̀.