Kí ni kí a máa pe kókó iwájú ìwé ìwádìí: "àkótán" tàbí "àṣàyàn kókó"?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ẹni tó dábàá pé kí a máa pe àwọn gbólóhùn ṣókí tó ń síwájú ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, tó ń sọ ohun pàtàkì tí ìwádìí náà rí ("highlights" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì), ní "àkótán" ṣe iṣẹ́ tó dára, nítorí ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti pè. Síbẹ̀, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ohun tí a bá kó tán, a kò ṣẹ́ nǹkan kan kù nínú rẹ̀, ìparí ìwé ni òǹkọ̀wé sì ti máa ń gbá àlàyé rẹ̀ jọ báyẹn. Iwájú ni àwọn gbólóhùn tí à ń wí yìí wà, ṣíṣà ni a sì ń ṣà wọ́n, a kì í kó wọn. "Àṣamọ̀" tí ẹlòmíràn mú wá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ọ̀pọ̀ ń lò nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún ìpínrọ̀ tó ń sọ ìdí, ọ̀nà àti àbájáde ìwádìí.

"Àṣàyàn kókó" ni èmi fọwọ́ sí. Ẹ wo kókó ara igi: ẹni tó bá ti la igi rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni àáké ti máa ń há. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí kókó ọ̀rọ̀ há sí òǹkàwé lọ́kàn. Gbólóhùn tó bá ní, "Ìwé yìí ṣàlàyé bí ibà ṣe ń pa ènìyàn," kò ní kókó kankan lára, nítorí orí ọ̀rọ̀ lásán ló dá, kò sọ ohun tí a rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé: ní ọdún 2022, wọ́n fojú bù ú pé ibà mú ènìyàn ní ìgbà mílíọ̀nù 249 ní orílẹ̀-èdè 85, ó sì pa 608,000. Bí a bá ní kí gbólóhùn náà kúrú sí i, tí a wá yọ "wọ́n fojú bù ú" kúrò, a ti sọ ìfojúbù di ohun tí a kà ní ení, èjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "lè" rí. "Oògùn yìí lè dín ikú kù" àti "Oògùn yìí ń dín ikú kù" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó bá sì fi èkíní ṣe èkejì ti ba iṣẹ́ olùwádìí jẹ́.

Ní ti gígùn, ilé ìtẹ̀wé Elsevier ń béèrè kókó 3 sí 5, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju àmì 85 lọ, ìyẹn lẹ́tà àti gbogbo àmì ìkọ̀wé, àlàfo pẹ̀lú. Kí a má ṣe gba òfin yìí wọlé bó ṣe wà. Lẹ́tà "ẹ́" wa kò ní kóòdù kan ṣoṣo tó dúró fún òun, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn rẹ̀ pa pọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà sábà máa ń kà á sí àmì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé tó bá ń sá fún 85 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já àmì ohùn dànù, èyí tí ọkàn mi kò gbà rárá. Ẹ jẹ́ kí a máa ka ọ̀rọ̀ dípò àmì. Mo rò pé ogún ọ̀rọ̀ tó fún kókó kan.

Ẹnìkan ní ewì ni a mọ "àṣàyàn" mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣa ewì jọ náà fi òmíràn sílẹ̀, ó sì mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù kí a jíròrò lé lórí ni bóyá a ó máa fi "àwọn" ṣáájú rẹ̀. Lójú tèmi, kò pọn dandan, nítorí "àṣàyàn" fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ohun tí a ṣà ju ẹyọ kan lọ.