"Ìdìnà" kò dúró: ẹ jẹ́ ká sọ pé "ìdìgòkè"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìdìnà" lánàá fún bí wọ́n ṣe ń mú kí irin yíyọ́ dì láti apá kan lọ sí ìkejì, nígbà tí wọ́n bá ń da bíléèdì tọ́báìnì, irin pẹlẹbẹ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á.

Ẹ ní dì àti ọ̀nà ni. Bí dì bá ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn, ṣé kì í sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù ni? Ó di ẹrù. Ó di igi. Ẹni tó bá di ọ̀nà, ó fi okùn so ó nìyẹn! Ẹni tó bá sì dí ọ̀nà ló ṣe ìdínà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kà nìyẹn níbi tí kò bá ti sí àmì ohùn.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Pratt & Whitney, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ni onímọ̀ irin VerSnyder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e dìde ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n á gbé mọ́ọ̀dù tí wọ́n da irin yíyọ́ sí ka orí àwo bàbà tí omi ń mú tutù, wọ́n á máa fà á kúrò nínú iná díẹ̀díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dì. Àwọn hóró irin, ìyẹn àwọn kírísítálì tó para pọ̀ di irin náà, á wá máa ga lọ sókè bí igi ọ̀pẹ, kò ní sí ààlà hóró tó dábùú ibi tí agbára yíyí ń fa bíléèdì sí, tí yóò ti ibẹ̀ sán. Ó ń dì gòkè. "Ìdìgòkè" ni iṣẹ́ náà, "àdìgòkè" ni irin tó bá jáde. Gòkè kì í ṣe orúkọ, nítorí náà ohùn dì kò mì.

Ní ti "àdìpọ̀" tí ẹ tún dábàá fún irin olókùn, èyí tí okùn tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe dì ti ẹrù bí ẹ ṣe wí. Nínú èyí tí ONERA, ilé ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú, ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1970, ẹnikẹ́ni kò kó okùn tantalum carbide, ohun líle kan, sínú irin cobalt. Inú irin yíyọ́ lokùn náà ti hù, àwọn méjèèjì jọ dì pọ̀ ni. Dì ti epo pupa nígbà ọyẹ́ nìyẹn. Bàbá bàbá mi, tó ń fi ìda oyin ya ère kó tó da idẹ, dì yìí kan náà ló ń pè: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, kò ì tíì dì." Ìda, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti oyin nìkan, ni wọ́n ṣì fi ń ya bíléèdì yìí dòní.

Ẹni tó ní ká pe bíléèdì ní "abẹ", abẹ la fi ń fárí. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.