Lẹ́tà lọ́yà láti Jámánì: ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí ọmọ mi ṣe?

Ìyá Akin (Gwarinpa, Abuja): Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti àárọ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Akin, àkọ́bí mi tí ó ń kàwé ní Leipzig, ya fọ́tò lẹ́tà olójú ìwé mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi. Àwọn lọ́yà kan kọ ọ́ pé wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì tí ó wà lórúkọ rẹ̀ pín fíìmù kan kiri ní aago 11:42 alẹ́, wọ́n tilẹ̀ kọ ìṣẹ́jú-àáyá sí i. Wọ́n ní kí ó san 915 yúrò, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé kan kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì náà, Akin sì búra fún mi pé òun kọ́. Ṣé kí ó fọwọ́ sí i, àbí kí ó má fọwọ́ sí i?

Bàbá Kúnlé (Kubwa, mo gbé Hamburg fún ọdún 11): Ìyá Akin, ẹ fara balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wá mú ọmọ yín. Abmahnung ni wọ́n ń pe lẹ́tà yẹn níbẹ̀, èmi náà sì gba tèmi ní 2012. Bí mo ti kà á tán ni mo pe lọ́yà tí ó kọ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ bí a ti ń bẹ ọlọ́pàá lójú pópó nílé: ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ni, mi ò ní dán an wò mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí lẹ́tà kejì dé ni mo tó mọ ohun tí ó ń tẹ̀: “gẹ́gẹ́ bí ẹ ti jẹ́wọ́ fún wa lórí fóònù.” Mo san án, kò ku kọ́bọ̀. Kí Akin má pè wọ́n.

Àdùkẹ́ (Manchester, ọmọ Kaduna): Ẹ jẹ́ kí ó jù ú sílé ìdọ̀tí, ìyá wa. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kọ irú rẹ̀ sí mi níbí, mi ò dáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Mudà (Düsseldorf, Sabon Gari, Kano): Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ti Manchester gba ará Leipzig nímọ̀ràn. Ìkìlọ̀ lásán ni tiyín, gbèsè ni ti Jámánì. Bí ènìyàn bá ń fi torrent, ètò tí agbo ènìyàn fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn, gba fíìmù, bí ó ti ń gbà á ni ó ń fi èyí tí ó ti gbà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn, pínpín yẹn gan-an ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ béèrè owó. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú agbo náà ló ń rí nọ́mbà IP ara wọn, èyí tí a fi ń dá íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, àwọn tí onífíìmù háyà sì wà nínú agbo pẹ̀lú wọn, tí wọ́n ń kọ nọ́mbà àti àkókò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ sí ilé ẹjọ́, kí ó pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti dárúkọ ẹni tí ó ni nọ́mbà náà. Tí Akin bá dákẹ́, àpòòwé aláwọ̀ ìyeyè láti ilé ẹjọ́ lè tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni yóò sì ní láti fèsì.

Àṣìṣe tèmi yàtọ̀ sí ti Bàbá Kúnlé. Èmi fọwọ́ sí ìwé náà bí wọ́n ti kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé àdéhùn ayérayé ni, pé tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, n ó san owó ìtanràn, àfi ìgbà tí àbúrò mi wá kí mi lọ́dún kejì, tí ó fi Wi-Fi mi wo bọ́ọ̀lù tán, tí ó sì tún fi gba fíìmù láti ọ̀dọ̀ àwọn kan náà. Owó ìtanràn tí mo san ju owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti Kano lọ. Ẹ jẹ́ kí ó gbé lẹ́tà náà lọ sí Verbraucherzentrale, àwọn tí ń gbèjà oníbàárà, kí wọ́n bá a tún ìwé náà kọ lọ́nà tí kò fi ní jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Alhaji Ganíyù (Minna): Ọ̀rọ̀ yín ń kọ mí lóminú. Ẹ̀bẹ̀ ha di àṣìṣe bí? Ẹni tí ó mú ohun olóhun tí ó sì tọrọ àforíjì, ìwà ọmọlúàbí ló hù. Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ pípa.

Bàbá Kúnlé: Alhaji, mi ò ní kí ó parọ́. Mo ní kí ó pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí ẹni tí ó mọ òfin. Ọ̀tọ̀ ni irọ́, ọ̀tọ̀ ni ìdákẹ́.

Alhaji Ganíyù: Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ẹ wo fíìmù náà?

Bàbá Kúnlé: Mo sùn lọ kí ó tó dé ìdajì. Fíìmù tí ó wọ́n jù lọ láyé mi nìyẹn.

Mudà: Àwọn méjèèjì ló jàre díẹ̀díẹ̀. Ní 2016, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Jámánì sọ pé kò di dandan kí ẹni tí ó ni íntánẹ́ẹ̀tì kìlọ̀ fún àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń gbé, bí kò bá sí ohun tí ó fu ú lára. Ṣùgbọ́n ní 2017, ilé ẹjọ́ kan náà dá òbí kan lẹ́bi, nítorí wọ́n mọ èwo nínú àwọn ọmọ wọn ló ṣe é, wọ́n sì kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní òun kò mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ tí ó sì dákẹ́ yóò san án fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́: Wọ́n ń ṣọ́ ènìyàn títí dé ìṣẹ́jú-àáyá! Ní Kaduna, ọmọkùnrin tí ó ń jókòó pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lábẹ́ agboòrùn, tí ó ń kó fíìmù sínú mẹ́mórì kààdì fún wa, kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn máa ń fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò lára kààdì náà, yóò sì ní kí a lọ ra kúnú, kí a padà wá.

Mudà: Ti Kaduna kò tó nǹkan. Ní Sabon Gari, kí fíìmù tó dé sinimá l'Ábújá ni a ti wò ó tán.

Bàbá Kúnlé: Ẹ̀yin ará Kano, orí ẹni tí ó dìde lọ tọ̀ ní sinimá wà nínú gbogbo fíìmù tí ẹ ń wò. Ẹ̀rín àwọn ènìyàn la sì máa ń gbọ́ ṣáájú ọ̀rọ̀.

Mudà: Ẹ̀rín yẹn ni mo ń ṣàárò, bàbá mi. Èmi nìkan ni mò ń dá fíìmù wò níbí, tí mo sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Alhaji Ganíyù: Ẹ má rò pé òfin kò sí nílé. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní oṣù Kẹta 2023, ó sì kan orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti orúkọ, ẹ̀yin tí ẹ ti so NIN mọ́ síìmù yín, ta ni ẹ rò pé kò mọ̀ yín?

Ìyá Akin: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Akin ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ti jẹ́wọ́ fún òun pẹ̀lú omijé, ó sì ń bẹ Akin pé kí ó má dárúkọ òun fún àwọn lọ́yà. Ọmọ Yorùbá ni, Sabon Gari ní Kano ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Báwo ni a ó ṣe wá ṣe é báyìí?

Mudà: Sabon Gari kẹ̀? Ìyá wa, ọmọ ta ni?